Ìwé Ni Mo Wá, N Kò Wá Ùwé

Ọmọ ọmọ mi obìnrin bi mí léèrè lọ́jọ́ Àìkú kan pé, "Màmá, kí ni ẹ ń ṣe gan-an ní ọ́fíìsì ní gbogbo ọdún yẹn?" Mo ní mo ń tẹ̀wé. Ó ní, "Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Inú bí mi díẹ̀, n kò ní purọ́. Àmọ́ nígbà tí mo wọ yàrá tí mo jókòó, mo rí i pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n bí sáyé tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé èèyàn lè tẹ̀wé fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó sì tún máa bẹ̀rù rẹ̀? Torí tirẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, àti torí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa yàn. N kò ní kí ẹ wá di táípíìsì. Iṣẹ́ náà ti ń kú lọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín.

Oǹdó ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo ka ilé-ìwé módà tán, bàbá mi ní kí n lọ kọ́ aṣọ rírán, nítorí gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò wa ló ń ránṣọ. Mo ní rárá. Mo ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Yábà, àdúgbò kan nínú Oǹdó wa, etí mi sì ti fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ìka mẹ́wàá ni ọmọ òun fẹ́ máa fi jẹun, bí ẹni pé ẹlòmíràn ń fi ẹsẹ̀ jẹun. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ó mú mi lọ síbẹ̀, ó fà mí lé ọ̀gá lọ́wọ́.

Ọ̀gá náà jẹ́ akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ga, ó tín-ín-rín, dígí ojú rẹ̀ kì í kúrò ní ṣóńṣó imú. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Ọ̀gá Tún-un-kà, nítorí kò sí ìwé tí o lè gbé dé iwájú rẹ̀ tí kò ní sọ pé, "Tún un kà." O tún un kà, o ní kò sí àṣìṣe kankan. Yóò ní, "Tún un kà." Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni wàá tó rí i, ojú á sì tì ọ́.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, aṣọ ìnura ló fi ń bo ọwọ́ wa lórí ẹ̀rọ kí a má baà rí ibi tí ìka ń tẹ̀. Ẹni tó bá gbìyànjú láti yọjú wo abẹ́ aṣọ, rúlà á bá a níbẹ̀. "Ojú rẹ, ti ìwé ni," ni ọ̀gá máa ń wí. "Kí ni ojú rẹ ń wá lọ́dọ̀ ìka?" Bí o bá tẹ odidi ojú ìwé kan tí o ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ ní ìlà tó kẹ́yìn, yóò ya gbogbo rẹ̀, yóò sì fún ọ ní òmíràn. Ó fẹ́ràn láti máa sọ fún wa pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ rúlà tirẹ̀ kò mọ ẹ̀sọ̀ rárá.

Lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa. Àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé á wá sọ ọ̀rọ̀ wọn, àwa á tẹ̀ ẹ́ fún wọn kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn. Ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá kan láti apá Àkúrẹ́ jókòó tì mí, ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òrùlé ti ń jò. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́: ulé ń jò, kò sí ẹni tó máa ṣe usẹ́ náà. Ọ̀gá Tún-un-kà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó sì yà á sí méjì.

"Kí ni ulé?"

"Bàbá ló wí bẹ́ẹ̀, sà."

"Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ulé. Ilé ni wọ́n ń tẹ̀. Ìwọ náà tó o jẹ́ ọmọ Oǹdó, ṣé bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yín lo ṣe ń kọ ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́? U yẹn, nílé ni kí ó jókòó. Kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ọ wá sídìí ẹ̀rọ."

Bàbá oníbàárà náà kàn ń wò wá bí ẹni pé àwọn tó mọ̀wé ń jà sí ẹran tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọ̀ mí lára o. Kí ọdún náà tó parí, bí èèyàn bá sọ "usẹ́" sí mi létí, ìka mi á ti tẹ "iṣẹ́" kí n tó rò ó. Mo máa ń fi yangàn. Mo rò pé ẹ̀kọ́ náà pé.

Ẹ̀kọ́ kejì kò wù mí ní tirẹ̀. Bí lẹ́tà bá ní ohun tí a so mọ́ ọn, ìwé owó orí, fọ́tò, ìwé ìbí, ọ̀gá á ní kí o tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì, kí o máa fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa pe orúkọ wọn sókè. Oníbàárà á sì máa jẹ́ fún wọn bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí tíṣà ń pè. Mo ka èyí sí ìwà àwọn àgbàlagbà tí kò ríṣẹ́ ṣe. Nígbà tí mo gba òmìnira tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó wà lára ohun tí mo kọ́kọ́ jù sílẹ̀.

Wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, Àkúrẹ́ di olú-ìlú, wọ́n sì ń wá táípíìsì bí ẹni ń wá omi. Bí mo ṣe wọṣẹ́ ìjọba nìyẹn, mo sì gba yàrá ní Ìsinkàn. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ọkọ, ibẹ̀ ni mo ti bímọ, ibẹ̀ náà ni mo ti sin ọkọ mi.

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni mo bá lọ́fíìsì, ìyẹn èyí tí agbára apá nìkan ń mú ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń lo iná dé. Ó yára, àmọ́ ó lójora, bí o bá kàn gbé ìka lé e báyìí, ó ti tẹ nǹkan. Bébà olóròóró tí a fi ń tẹ ọ̀pọ̀ ẹ̀dà náà wà, a sì máa ń fi oje pupa kan pa àṣìṣe rẹ́ lára rẹ̀. Oje náà ń rùn débi pé ó ń fọ́ wa lórí. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé, àwọn kan á sọ pé iṣẹ́ tán. Iṣẹ́ kì í tán. Ó máa ń yí ojú padà ni.

Kọ̀ǹpútà wá bá wa ní àwọn ọdún tí nǹkan le. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ti le tó. Ẹ̀yìn fáìlì àtijọ́ ni a ń tẹ ìwé tuntun sí, nítorí kò sí bébà. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń rìn láti Ìsinkàn dé ọ́fíìsì wa ní Alágbàka. Iná kì í sí, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì máa ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wa lóòjọ́. Ní gbogbo oṣù ni wọ́n ń lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ara ògiri, a ó sì dúró síwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń wo èsì ìdánwò, ṣùgbọ́n níbí yìí, ẹni tí kò bá rí orúkọ ara rẹ̀ ló yege.

Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, àmọ́ mo mọ kọ̀ǹpútà lò ju àwọn ọmọdé lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí èèyàn ṣe lè so ìwé mọ́ àárín ọ̀rọ̀ gan-an. Láyé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́, píìnì ni a fi ń so ó, ẹ̀yìn lẹ́tà ló sì máa ń wà. Nínú kọ̀ǹpútà, àárín ìlà ni ìwé tí a so náà ń jókòó sí, ó máa ń ṣe bí lẹ́tà kan péré láàárín àwọn lẹ́tà yòókù. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, odidi ìwé á ṣí jáde láti inú rẹ̀. Bí o kò bá sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, wàá kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tó fo kòtò kékeré.

Bí a bá fẹ́ tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde fún àwọn ọ̀gá, a gbọ́dọ̀ wá gbogbo ohun tí a so sínú rẹ̀, kí a fi àwọ̀ yẹ́lò kun ibẹ̀ kí ó lè hàn, kí a ṣí i, kí a tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́tọ̀, kí a sì fi píìnì so ó mọ́ ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà wa ti gbó, àwòrán máa ń fà á lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, a máa ń pa àwòrán mọ́ lójú rẹ̀. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, àlàfo lásán ló máa ń kù níbi tí ohun tí a so wà. Àmọ́ mo ti rí ọgbọ́n tí mo fi ń wá wọn. Kọ̀ǹpútà ní ibi tí èèyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ kan sí kí ó ní, bá mi wá a. Ẹnikẹ́ni tó bá so ìwé mọ́ ọ̀rọ̀, yóò ti kọ "iwe" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, "iwe" ni mo máa ń ní kí ó wá. Ó máa ń sáré lọ síbẹ̀ bí ajá ọdẹ, èmi á kan máa kùn ún ní yẹ́lò tẹ̀lé e. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kan sáárá sí mi.

Mo tẹ̀wé bẹ́ẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣe àdúrà fún mi, wọ́n fún mi ní aago ògiri. Ẹni tó bá ń ka èyí lè rò pé mo ti parí ìtàn mi nìyẹn. Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí mo ti ń yẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé mò ń yẹ̀ ẹ́.

Ní àárín àwọn ọdún líle yẹn, ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ kan lẹ́bàá Ọ̀bà-Ilé. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan kí ó gbọ́ tẹnu àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà, kí wọ́n tó fa ìlà ibi tí wọ́n máa gbà. Wọ́n ní kí kálukú kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wá, ìbáà ṣe ní Yorùbá. Èmi ni wọ́n yàn pé kí n máa tẹ àwọn ìwé náà jáde fún ìgbìmọ̀, kí n sì máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ níbi ìjókòó.

Bàbá Ajíbóyè wà lára àwọn tó kọ̀wé. Ilé rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ náà, sàréè ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mojí, tó jẹ́ tíṣà, ló bá a tẹ ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì gbé e wá fún mi nínú síídì. Kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fara balẹ̀ wo àwọn ìwé tí mo so sínú rẹ̀. Wọ́n ju ọ̀kan lọ."

Mo ní, "Má dà mí láàmú, ọmọ yìí. Mo ti ń ṣe é kí ìyá rẹ tó lóyún rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ojú ìwé mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ni Mojí kọ fúnra rẹ̀. Gbogbo ìyókù, bàbá rẹ̀ ló ń sọ ọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé bí òun bá ti wí i gan-an ni kí ó tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Màmá, epo ti ń tán lọ o." Mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi wá "iwe". Ó dúró níbi márùn-ún tó ní àlàfo. Mo kun márààrún, mo tẹ̀ wọ́n jáde, mo fi píìnì so wọ́n. Ẹ̀rọ ní òun ti wá a dé òpin. Mo gbà á gbọ́, mo sì lọ sílé.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, gbọ̀ngàn kún. Alága wa kì í rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣí ìwé Bàbá Ajíbóyè síwá sẹ́yìn, ó sì gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ kọ ọ́ síbí pé ìwé mẹ́sàn-án ni ẹ so mọ́ ọn. Márùn-ún ni a rí. Àwọn tí ẹ ní ó ń sọ̀rọ̀ nípa ilé yín, kò sí ìkankan níbẹ̀."

"Mẹ́sàn-án ni, ọmọ mi," ni Bàbá wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. "Ùwé tí wọ́n fún baba mi nígbà tó kọ́ ulé. Ùwé tí ìjọ fún mi nígbà tí a sin ìyàwó mi síbẹ̀. Ùwé..."

Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ u yẹn bí ẹni pé èèyàn pè mí lórúkọ. U tí wọ́n yọ kúrò lára mi ní Oǹdó, òun ni Mojí tẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́, òun sì ni kọ̀ǹpútà fò kọjá nítorí pé n kò sọ fún un pé kí ó wá a.

Bàbá kò wo alága mọ́. Ó ti yíjú sí ọmọ rẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ Mojí ti bá bàbá náà ṣe ẹjọ́ ààlà rí, gbogbo gbọ̀ngàn ló sì mọ̀.

"Mojísọ́lá," ni ó wí, jẹ́jẹ́. "O tà mí."

"Bàbá, mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ulé ọkọ rẹ lo ṣe é fún. O ta ulé ìyá rẹ."

Àwọn èèyàn hó. Mojí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì. Bàbá sì dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ jókòó sí apá kejì gbọ̀ngàn.

Èmi ńkọ́? Mo jókòó. Ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́, àmọ́ mo jókòó. Lóṣù tó ṣáájú, wọ́n ti dá táípíìsì mẹ́ta dúró ní ọ́fíìsì wa, èmi sì ni opó tó ń tọ́ ọmọ méjì. Mo sọ fún ara mi pé màá lọ bá alága ní ìkọ̀kọ̀ tó bá yá. Wọ́n pe ẹni tó kàn. Ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, n kò ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ. Nígbà tí mo tún gbójú sókè, Mojí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó dìde.

Mo dìde.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, sà. Àwọn ìwé mẹ́rin yẹn wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò tẹ̀ wọ́n jáde."

"Kí ló fà á, Màdáàmù?"

"Ìwé ni mo wá, sà. Mi ò wá ùwé."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un wí, kí n sì ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé dé ìdí rẹ̀, ojú gbogbo wọn wà lára mi. Ó fún mi ní wákàtí kan.

Èmi àti Mojí jọ lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n tan iná fún wa. Mo ní kí ó wá "uwe", ó dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sì kun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní yẹ́lò. Lẹ́yìn náà, mo mú àwòrán padà sójú kọ̀ǹpútà, mo fi ojú ara mi wá ìwé náà láti òkè délẹ̀. Mẹ́sàn-án ni lóòótọ́. Bí a ṣe ń dúró kí bébà jáde, Mojí ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò dìde lẹ́ẹ̀kan náà?"

N kò rí irọ́ tó dára pa. Mo ní, "Ẹ̀rù bà mí." Ó mi orí, ó sì kó bébà tó ti jáde jọ.

Wọ́n fún mi ní kúèrì lọ́sẹ̀ náà, wọ́n sì gbé mi lọ sí yàrá fáìlì, mo lo ọ̀pọ̀ oṣù láàárín eruku. Wọn kò dá mi dúró. Nígbà tí wọ́n fa ìlà wọn, ilé Bàbá Ajíbóyè kò sí nínú rẹ̀. Inú mi dùn sí gbogbo ìyẹn, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo máa ń rántí bí wọ́n bá ní kí n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi.

Ohun tí mo máa ń rántí ni ìgbà tí a gbé ìwé mẹ́rin náà dé iwájú alága, tó kà wọ́n, tó ní, "Mẹ́sàn-án. A ti rí wọn." Gbogbo èèyàn ń retí ohun tí Bàbá máa sọ. Ẹyin lóhùn, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ti fọ́, àgbà ìlú wa kì í sì í bẹ ọmọ níta gbangba. Mojí gan-an kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀.

Bàbá dìde. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ rìn láti apá kejì gbọ̀ngàn títí ó fi dé bẹ́ǹṣì tí Mojí wà. Báàgì Mojí wà nílẹ̀ níbẹ̀, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó fẹ́ lọ máàkì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ dání, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì di báàgì náà mú.

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀," ni Mojí wí. "Ó wúwo."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. Ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì ṣáájú rẹ̀ jáde.